Ìgbà tó yẹ kí ẹ tẹ bọ́tìnnì, àti ìgbà tó yẹ kí ẹ kọ SQL

Tó bá jẹ́ ìlà kan péré lẹ fẹ́ tún ṣe nínú dátábéèsì, ẹ ṣí tábìlì náà, ẹ fi máòsì tẹ ìlà yẹn, ẹ tún un ṣe. Ó parí. Ṣùgbọ́n tí ìlà bá ti pọ̀, SQL, ìyẹn èdè tí a fi ń pàṣẹ fún dátábéèsì, ló dáa jù. Ká ní wọ́n ti ṣi 'pupa' kọ sí 'pupaa' lábẹ́ awo (àwọ̀) nínú tábìlì oja (ọjà). Ẹ kọ́kọ́ ka àwọn ìlà yẹn:

SELECT COUNT(*) FROM oja WHERE awo = 'pupaa';

Ká ní 312 ló jáde. Ẹ wá kọ èyí (BEGIN ni kò ní jẹ́ kí àyípadà náà dúró títí ẹ ó fi fọwọ́ sí i):

BEGIN;
UPDATE oja SET awo = 'pupa' WHERE awo = 'pupaa';

Tí iye tó yí padà bá jẹ́ 312, ẹ kọ COMMIT kí àyípadà náà lè dúró. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ROLLBACK á dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé WHERE! Láìsí i, gbogbo ọjà inú tábìlì ló máa di pupa, SQL ò sì ní bi yín bóyá ó dá yín lójú.