Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Fíìmù Sílẹ̀ Láì Wò Ó Tán

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ni ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Iṣẹ́ kún ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Àje, Ìjẹ̀bú-Òde: léèsì táwọn ẹgbẹ́ kan fẹ́ wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá. Lóru ọjọ́ kan, mo wo fíìmù Kòríà di aago mẹ́rin ìdájí. Apá 16 ni, apá kan sì tó wákàtí kan. Láti apá kẹfà ló ti sú mi, síbẹ̀ mi ò lè pa á. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo na léèsì oníbàárà sórí tábìlì, mo fi ṣọ́ọ̀kì fà á, mo gé e. Ìgbà tí mo fẹ́ so ó pọ̀ ni mo rí i pé ọwọ́ òsì méjì ni mo gé. Léèsì náà lójú, ó lẹ́yìn, kò ṣeé yí padà. Aṣọ ẹgbẹ́ sì ni, kò sí i lọ́jà mọ́. Ìborùn rẹ̀ ni mo gé fi dí i. Ìyá náà lọ sí Ojúde Ọba láìsí ìborùn.

Kì í ṣe ìfẹ́ fíìmù ló dè mí mọ́lẹ̀. Ọmọ mi tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè sọ fún mi pé Bluma Zeigarnik, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, tẹ ìwádìí kan jáde ní Jámánì lọ́dún 1927: iṣẹ́ tí wọ́n dá àwọn èèyàn dúró lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n rántí ju èyí tí wọ́n ṣe parí lọ. Ohun tí a kò parí kì í tètè kúrò lọ́kàn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró níparí apá kan. Ibẹ̀ gan-an làwọn tó ṣe é dẹ okùn sí: ilẹ̀kùn á ṣí, ojú ẹnì kan á yí padà, orin á ta, ó tán. Ẹ wọ inú apá tó tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ kó tú ìdì tí apá àná dì, kẹ́ ẹ wá pa á kó tó di òmíràn. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ló sábà máa ń jẹ́. Bẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń jẹun, tí ẹnikẹ́ni ò pariwo, ẹ pa fóònù. Oorun á wá.

Lórí YouTube, ẹ fọwọ́ kan fídíò náà, bọ́tìnnì kékeré kan wà lókè tó ń gbé òmíràn wá fúnra rẹ̀. Ẹ pa á.

Bó bá ti sú yín, ẹ mú bébà, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ mọ̀ sí i. Tèmi kò ju ìlà kan lọ: ṣé bàbá yẹn máa jẹ́wọ́? Ọmọ àbúrò mi ní Ṣàgámù ti wo fíìmù náà tán, mo ní kó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi sọ gbogbo rẹ̀, ara mi sì balẹ̀. Owó dátà tó ti lọ ti lọ. Wákàtí mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ ti lò kò ní kẹ́ ẹ fi méje kún un.

Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ní tòótọ́, ẹ wò ó tán, àmọ́ kó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí kò sí aṣọ ẹlòmíì lórí tábìlì yín.