Bí A Ṣe Ń Tọpasẹ̀ Ìtàn Báǹdì Ológun: Àpẹẹrẹ Báǹdì Àwọn Máríìnì Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn báǹdì ológun orílẹ̀-èdè kan yóò kọ́kọ́ bá ọjọ́ ìdásílẹ̀ pàdé, nítorí òun ni wọ́n máa ń tẹ̀ sára ìwé ètò ayẹyẹ, òun náà ni wọ́n sì máa ń fi yangàn. Kí ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má tíì gbára lé e, àfi ìgbà tó bá mọ ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Báǹdì àwọn ọmọ ogun Máríìnì (àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ń jà lórí omi àti lórí ilẹ̀) ní Washington, èyí tó ń kọrin fún Ààrẹ Amẹ́ríkà, ni mo mú fún àpẹẹrẹ, nítorí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì ṣeé yẹ̀ wò láti ìpìlẹ̀.

Inú òfin ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1798, Ààrẹ John Adams fọwọ́ sí òfin tó gbé ẹgbẹ́ ọmọ ogun Máríìnì kalẹ̀, ọjọ́ yìí sì ni báǹdì náà ń kà sí ọjọ́ ìbí rẹ̀ títí di òní. Bí ẹ bá ka òfin náà fúnra yín, ẹ ó rí i pé kò dárúkọ báǹdì kankan. Ohun tó wà níbẹ̀ ni onílù àti afọnfèrè 32, ìyẹn àwọn tí ń fi ìlù àti fèrè igi kékeré sọ fún ọmọ ogun ìgbà tí yóò jí, ìgbà tí yóò tò, àti ìgbà tí yóò wọlé sùn. Iṣẹ́ àmì ni iṣẹ́ wọn, kì í ṣe eré. Ọdún 1861, nígbà ìjọba Abraham Lincoln, ni òfin mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ya olórin 30 sọ́tọ̀ fún báǹdì, tí kò kà wọ́n mọ́ onílù àti afọnfèrè. Ìyẹn ni pé fún ohun tó lé ní 60 ọdún, báǹdì wà, ó ń ṣeré níwájú àwọn Ààrẹ, síbẹ̀ lórí ìwé, onílù àti afọnfèrè ni gbogbo wọn. Ẹni tí kò bá mọ èyí, tó wá lọ ń wá “olórin” nínú ìwé orúkọ àwọn ọmọ ogun tó ṣáájú 1861, yóò wá a tì, yóò sì rò pé kò sí ẹnì kankan. Orúkọ àwọn onílù ni kí ó yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn òfin, ẹ tọ owó lẹ́yìn. William Ward Burrows, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà nígbà yẹn, kò rí owó ohun èlò orin gbà lọ́wọ́ ìjọba, ó sì ní kí àwọn ọ̀gá ológun tó wà lábẹ́ rẹ̀ dá dọ́là 10 wá lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi di ọdún 1800, tí wọ́n kó láti Philadelphia wá sí Washington, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni oboe méjì, clarinet méjì, horn méjì, bassoon kan (oríṣi ohun èlò orin tí a ń fọn ni gbogbo wọn) àti ìlù kan. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ dúró díẹ̀ lórí irú àkójọ báyìí, nítorí ó ń sọ ohun tí ìwé ìrántí kì í sọ. Ohùn oboe àti bassoon kò lè borí ariwo pápá ìtò ológun, àmọ́ ó bá iyàrá ìgbàlejò àti ijó mu rẹ́gí. Ẹnu kò wá yà wá nígbà tí a kà pé ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1801, báǹdì yìí ṣeré níbi àlejò ọdún tuntun tí Adams ṣe nínú ilé Ààrẹ tí wọn kò tíì kọ́ tán, àti pé ní oṣù Kẹta ọdún kan náà, wọ́n wà níbi ìbúra Thomas Jefferson.

Àwọn ìwé tó jẹ mọ́ bí wọ́n ṣe gba olórin láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1805, ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ John Hall gba olórin bíi méjìdínlógún láti Catania ní Sicily, erékùṣù kan ní Ítálì, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn. Inú olórí tuntun ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà, Franklin Wharton, kò dùn sí ìnáwó náà rárá, nítorí náà lẹ́tà ìbínú wà, lẹ́tà ìbínú sì sábà máa ń kún fún àlàyé ju ti ìyìn lọ. Gaetano Carusi wà lára àwọn ará Sicily yìí, ìdílé rẹ̀ sì di olókìkí nídìí ijó kíkọ́ ní Washington. Bí ẹ bá ń wá irú orúkọ àjèjì bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí akọ̀wé lè gbà kọ ọ́.

Ní ti orin tí wọ́n kọ, ẹ lọ sí ilé ìkàwé. Ìwé orin Francis Scala, tó darí báǹdì náà láti 1855 sí 1871, wà ní Ilé Ìkàwé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Washington. John Philip Sousa, tó darí rẹ̀ láti 1880 sí 1892, rọrùn láti tọpa, nítorí trombone ni bàbá rẹ̀ ń fọn nínú báǹdì kan náà, òun fúnra rẹ̀ sì wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọṣẹ́ ní 1868. Ìgbà tirẹ̀, ní 1890, ni ilé-iṣẹ́ Columbia bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin wọn sórí sìlíńdà, ìyẹn ohun roboto tí wọ́n ń gba ohùn sí kí àwo orin tó gbilẹ̀. Kí ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú sìlíńdà wọ̀nyí: olórin díẹ̀ ni wọ́n ń kó síwájú ẹ̀rọ ìgbà náà, nítorí náà ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ gbọ́ níbẹ̀ ṣírò iye ẹni tó wà nínú báǹdì. Sousa alára kò fẹ́ràn ẹ̀rọ náà.

Ìlànà yìí bá ti Nàìjíríà mu, bí a bá kọ́kọ́ ya ti ológun àti ti ọlọ́pàá sọ́tọ̀. Báǹdì ọlọ́pàá, lábẹ́ Benedict Odiase, ló ṣe ohùn orin orílẹ̀-èdè tí a lò láti 1978 títí di 2024, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kà á sí iṣẹ́ sójà.

Lákòótán iṣẹ́ náà, ẹ wá àwọn tí kò sí nínú ìwé orúkọ. Ní 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, báǹdì ọ̀tọ̀ ni wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn obìnrin Máríìnì, ọdún 1973 ni obìnrin àkọ́kọ́ sì tó jókòó nínú báǹdì Washington.