Benitoite: Ẹ Má Pè É Ní Sáfírè

Lọ́dún 1907, àwọn tó ń wá mẹ́kúrì àti bàbà lórí òkè San Benito ní California kan òkúta búlúù kan tó ń dán. Sáfírè ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n George Louderback ti Yunifásítì California ló yẹ̀ ẹ́ wò, tó rí i pé òkúta tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí ni, èyí tí à ń pè ní benitoite: barium, titanium, silicon àti ọ́síjìn ló wà nínú rẹ̀. Sáfírè ò ní silicon rárá.

Àṣìṣe ìgbà yẹn ò tíì tán nílẹ̀. Ẹ má ka nọ́ńbà kan ṣoṣo lórí refractometer, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nínú òkúta, kí ẹ wá ní ó parí. Ti sáfírè bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1.762, ti benitoite ní 1.757; ta ni kò ní ṣì wọ́n mú? Ẹ yí òkúta náà, kí ẹ tún un kà. Sáfírè kì í sábà kọjá 1.770 tàbí kó lé díẹ̀, benitoite á gòkè dé 1.804. Kódà, bí ẹ bá fi awò wo inú rẹ̀, ẹ ó rí àwọn ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ ní méjì-méjì.

Tọ́ọ̀ṣì ultraviolet (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí) olówó pọ́ọ́kú náà ń tan èèyàn jẹ. Èyí tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gùn ló pọ̀ jù nínú wọn, bẹ́ẹ̀ èyí tí ìgbì rẹ̀ kúrú ló ń mú benitoite tàn búlúù yòò. Òkúta gidi lè wà lọ́wọ́ yín kí ẹ pè é ní ayédèrú. Ẹ má sì gbára lé títàn yẹn nìkan, òkúta mìíràn tó ń jẹ́ scheelite náà ń tàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi ṣe òrùka àwọ̀ṣiṣẹ́. Lórí òṣùwọ̀n líle Mohs, tó lọ láti 1 dé 10, líle rẹ̀ ò ju 6.5 lọ, ti sáfírè jẹ́ 9. Eruku lásán ní quartz, ohun tó wà nínú iyanrìn, nínú, 7 sì ni líle ìyẹn. Aṣọ gbígbẹ tí ẹ fi nù ún lè ha á. Yẹtí ló yẹ ẹ́, lójú tèmi.

Bí wọ́n bá gbé èyí tó tó kárátì márùn-ún (kárátì ni ìwọ̀n òkúta iyebíye) wá ní ẹ̀dínwó, ẹ fura gidigidi. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ti gé ni kò tó kárátì kan.

Ẹ má sì dá lọ gbẹ́ ilẹ̀ lórí òkè San Benito. Asbestos, ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ bí èèyàn bá fà á símú, wà nínú òkúta àti eruku òkè yẹn, ìyẹn ló mú kí ìjọba Amẹ́ríkà ti agbègbè Clear Creek tó wà níbẹ̀ pa lọ́dún 2008.