Bí Ẹ Ṣe Lè Gbin Oúnjẹ Nítòsí Iléeṣẹ́ Kí Òjé àti Kádímíọ̀mù Má Wọnú Abọ́

Ẹ̀fọ́ tó ti fa òjé tàbí kádímíọ̀mù (irin olóró ni àwọn méjèèjì) mu kì í rọ, kì í sì í korò lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí ojú lásán kò fi lè mọ bí ọgbà ṣe rí lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin tàbí tí wọ́n ti ń tú bátìrì mọ́tò palẹ̀. Ọ̀nà méjì ni májèlé náà ń gbà wọlé: eruku tó bà sórí ewé, àti èyí tí gbòǹgbò fà látinú ilẹ̀. Omi lè ṣan eruku dànù. Èyí tí gbòǹgbò fà kò ṣeé fọ̀, iná ìdáná kò sì lè pa á.

Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ fi ọkọ́ tí kò dógùn-ún bu erùpẹ̀ níbi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún káàkiri ọgbà, láti ojú ilẹ̀ dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Inú ike ni kí ẹ ti pò ó pọ̀. Síǹkì tí wọ́n fi bo garawa onípáànù lè ní kádímíọ̀mù díẹ̀ nínú, ìyẹn á sì ba èsì jẹ́. Ẹ ṣa òkúta kúrò, ẹ sá a síbi tí oòrùn kò ti pa á, kí ẹ gbé nǹkan bí ìdajì kìlógíráàmù lọ fún àyẹ̀wò òjé, kádímíọ̀mù, ásẹ́níìkì (májèlé mìíràn tó lè wà nínú ilẹ̀) àti pH, ìyẹn ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó; bí iye pH bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe kan tó. Ìdí ògiri àtijọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ń bó àti ojú ibi tí wọ́n ti jó táyà rí, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ bu tiwọn. Bí ẹ bá pò ó mọ́ ìyókù, ibi tó burú á sá pamọ́ sábẹ́ ibi tó dára.

Bí òjé bá ju mílígíráàmù 400 lọ nínú kìlógíráàmù erùpẹ̀ kan, ẹ má gbin ohun jíjẹ síbẹ̀. Ẹ to pákó yí ká, ẹ tẹ́ aṣọ tí omi lè gbà kọjá sísàlẹ̀, kí ẹ da erùpẹ̀ tó mọ́ sórí rẹ̀ tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán. Pákó àlòkù tí wọ́n fi ọ̀dà tàbí oògùn ásẹ́níìkì kùn kò dára fún iṣẹ́ yìí.

Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, apá ibi tí à ń jẹ lára ohun ọ̀gbìn ni kí ẹ wò. Òjé kì í fẹ́ gòkè. Gbòǹgbò ló máa ń dúró sí, nítorí náà tòmátò, àgbàdo àti ẹ̀wà sàn ju kárọ́ọ̀tì lọ. Kádímíọ̀mù ní tirẹ̀ máa ń yára gun ewé. Tó bá jẹ́ òun ló pọ̀ nínú èsì, ẹ fi ẹ̀fọ́ eléwé sílẹ̀. Ilẹ̀ tó kan ló ń tú u sílẹ̀ jù, nítorí náà ẹ fi láìmù oko (ìyẹ̀fun òkúta ẹfun, kì í ṣe èso) gbé pH dé 6.5 sí 7, kí ẹ sì fi ewé jíjẹrà kún ilẹ̀. Ẹ ṣọ́ra o: níbi tí ásẹ́níìkì bá pọ̀ sí, ajílẹ̀ fọ́síféètì lè tú u sílẹ̀ fún gbòǹgbò.

Nílé ìdáná, ẹ já ewé ìta dànù, kí ẹ fi fínígà mílílítà 10 sínú omi lítà kan fọ ìyókù, lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án. Abíyá ewé, níbi tó ti so mọ́ igi rẹ̀, ni eruku ń há sí; bí ìka yín bá ṣì ń kan nǹkan ṣákaṣàka níbẹ̀, kò tíì mọ́. Ẹ bẹ èèpo kárọ́ọ̀tì nípọn.

Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yìí. Kádímíọ̀mù lè wà nínú kíndìnrín fún ọdún 10 sí 30. Ní Toyama, ní Japan, ìrẹsì tí wọ́n fi omi odò Jinzu tí ìdọ̀tí ibi ìwakùsà ti bàjẹ́ gbìn sọ egungun àwọn èèyàn di ẹlẹgẹ́. Ọdún 1968 ni ìjọba gbà pé kádímíọ̀mù ló fà á. Ní ti òjé, ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ara tí áyọ́ọ̀nù (èròjà irin inú oúnjẹ) àti kálísíọ̀mù bá ti dín nínú rẹ̀ máa ń gba òjé sí i, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹun kánú.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé àti aláboyún wò fún òjé. Bó bá dé máíkírógíráàmù 5 nínú dẹ́sílítà ẹ̀jẹ̀ kan (ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà), ẹ wá ibi tó ti ń wá. Bí wọ́n bá gun ìka ni, ẹ ní kí wọ́n tún gbà á látinú iṣan kí ẹ tó gba èsì náà gbọ́, torí eruku ara ìka lè mú kí iye náà ga ju bó ṣe yẹ lọ.