Bí ẹran ara bá ń fò lẹ́yìn irin gbígbé
Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin, tí ẹran itan tàbí ti apá ń fò fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lábẹ́ awọ lálẹ́, kó má jáyà. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ti rẹ iṣan ni, pàápàá tí oorun ò bá tó tàbí tí kọfí pọ̀ jù (ẹ mọ ara yín). Ẹ dín ìwúwo irin kù, ẹ sinmi.

Tó bá jẹ́ pajápajá ló mú yín lẹ́yìn ojúgun, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ rọra fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín títí yóò fi tú. Ẹ má fi agbára fà á o.

Àmọ́ bí ìtọ̀ bá ṣú dúdú, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ ò lágbára mọ́, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.