Bàlúù rímóòtù ńlá: bí a ṣe ń dán ẹ́ńjìnnì bẹntiróò tuntun wò lókè

A kì í de ẹ́ńjìnnì tuntun mọ́ bàlúù tuntun. Bí méjèèjì bá ṣàjòjì sí ẹni tó ń wà á, tí nǹkan bá ṣe lókè, kò ní mọ èyí tó fà á. Ẹ gbé e sára bàlúù tí ọwọ́ yín ti mọ̀, kí ẹ sì kà á sí pé ẹ́ńjìnnì náà máa kú lókè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ́ńjìnnì tú-sítírókù 50 sí 55 cc, pẹ̀lú pùròpélà onígi 22 × 8 ínǹṣì, la ní lọ́kàn níbí.

Ẹni tó bá ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" mọ̀ pé ọ́ìlì ń wọnú epo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàlúù, àmọ́ kì í ṣe ọ́ìlì inú ọ̀rá ẹ̀bá títì. Ẹ ra ojúlówó ọ́ìlì tú-sítírókù: mílílítà 33 sí lítà epo 1, 133 sí lítà 4, ìyẹn 30 sí 1. Ẹ má fojú díwọ̀n. Síríńjì ilé oògùn ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Kí ẹ tó pò ó, ẹ bu epo sínú ìgò tó mọ́ gaara lálẹ́. Tó bá lómi, omi á ti wà nísàlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ rọra da tòkè, kí ẹ sì fi asẹ́ wẹ́wẹ́ sẹ́ ẹ. Rọ́bà silicone tí wọ́n ń lò fún nitro (epo àwọn ẹ́ńjìnnì bàlúù rímóòtù kékeré) máa ń wú nínú bẹntiróò. Rọ́bà Tygon ló yẹ kó wọnú táńkì.

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò máa ń gbọ̀n bàlúù jìgìjìgì, nítorí náà ẹ fi gọ́ọ̀mù búlúù (threadlocker, tí kì í jẹ́ kí bóòtù dẹ̀) sẹ́nu gbogbo bóòtù tó wọ irin. Ẹ má fi sí bóòtù pùròpélà: nígbà ọyẹ́, igi á gbẹ, á súnkì, bóòtù tí ẹ fún le lánàá á ti dẹ̀. Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, ẹ tún un fún. Ọ̀pá tó lọ láti servo (mọ́tò kékeré tó ń fa ọ̀pá) sí throttle (ẹnu kábúrétọ̀ tó ń fi eré kún ẹ́ńjìnnì) gbọ́dọ̀ jẹ́ ike, kì í ṣe irin. Bátìrì iná pílọ́ọ̀gì ní láti yàtọ̀ sí ti receiver (ẹ̀rọ inú bàlúù tó ń gba àṣẹ rédíò ọwọ́ yín), kí wáyà rẹ̀ sì jìnnà sí receiver tó sẹ̀ǹtímítà 25 ó kéré tán. Táńkì òfìfo ni ká fi wo ìdọ́gba bàlúù, nítorí ẹ́ńjìnnì yìí wúwo ju ti nitro lọ.

Ẹ wá pápá lápá Málété, Òkè-Oyì tàbí Ìdòfìàn lẹ́yìn ìkórè, kó jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin. Ẹ béèrè ohun tí òfin NCAA (àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà) wí, kí ẹ sọ fún Baálẹ̀ tàbí Alángùá àti àgọ́ ọlọ́pàá. Lóde òní, ohun tó ń pariwo lókè ń já àwọn èèyàn láyà. Àwọn ọmọdé máa dé, màlúù náà lè kọjá: ẹ ta okùn. Ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun igbó kò dára, eérú àti eruku pupa ń wọ ẹnu kábúrétọ̀ tí kò ní asẹ́. Ẹ parí iṣẹ́ kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù. Ní oṣù kẹta, ọ̀sán ni ti ààjà.

Ẹ so ìrù mọ́ èèkàn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ awọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ pùròpélà. Tó bá já, ẹ̀gbẹ́ ló ń fò sí. Ẹ ti sukúrúù kábúrétọ̀ méjèèjì, L (epo eré kékeré) àti H (epo eré ńlá), pa pẹ̀lú ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ yí méjèèjì síta ní ìyípo kan àbọ̀. Ẹ ti choke (ìdérí tó ń dí afẹ́fẹ́ lẹ́nu kábúrétọ̀) pa, ẹ tan iná pílọ́ọ̀gì, ẹ ṣí throttle díẹ̀, kí ẹ máa ta pùròpélà títí ẹ ó fi gbọ́ "pà" kan ṣoṣo. Lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ ṣí choke, kí ẹ tún ta á. Ẹni tó bá ń ta á lọ láìṣí choke, pílọ́ọ̀gì rẹ̀ á rin gbindin.

Ẹ jẹ́ kó gbóná, kí ẹ wá tún L ṣe. Tí ẹ bá ṣí throttle lójijì, tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, tó fẹ́ kú láìsí èéfín, epo kéré: ẹ yí L síta díẹ̀. Tó bá ń rú èéfín, tó ń kólòlò, epo pọ̀. Ẹ wá ṣí throttle tán, ẹ yí H sínú títí eré rẹ̀ kò fi ní pọ̀ sí i mọ́, kí ẹ dá a padà síta ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo. Lẹ́yìn náà, kí ẹni méjì tó dúró lẹ́yìn ìyẹ́ gbé imú bàlúù sókè fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 pẹ̀lú throttle ní ṣíṣí tán. Tí ohùn rẹ̀ bá wálẹ̀, H ṣì ń fẹ́ epo. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fo ìdánwò yìí, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ́ńjìnnì ti ń sọ ohun tó máa ṣe nígbà tó bá ń gòkè.

Ẹ dán rédíò wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, kí ẹ tún dán an wò nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ nìkan ni servo ń gbọ̀n, iná pílọ́ọ̀gì ń dà á láàmú. Ẹ pa rédíò ọwọ́ yín nígbà tí ìrù ṣì wà lórí okùn: ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ tàbí kó kú.

Fún fífò àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́. Lásìkò ọyẹ́, láti àríwá-ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́. Ẹ gòkè dé bíi mítà 80, kí ẹ máa yí po lórí pápá, kí throttle máa lọ sókè sódò. Tó bá kú ní kété tó gbéra, iwájú gan-an ni kí ẹ bà sí, ìbáà jẹ́ orí ebè iṣu. Ẹni tó bá gbìyànjú àtiyí padà, ìyẹ́ kò ní gbé e mọ́. Tó bá kú lókè, ẹ tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀ kíákíá kí eré má bàa tán. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa tó wá kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lára ìbòrí ẹ́ńjìnnì yẹ kó tó ìlọ́po méjì èyí tó ń gbà wọlé.

Tí ẹ bá ti balẹ̀, tó ti tutù díẹ̀, ẹ tún bóòtù sàlẹ́ńsà àti ti pùròpélà fún, kí ẹ tú pílọ́ọ̀gì wò. Tó bá pupa rúsúrúsú bíi tíì onímílíìkì, ó dára. Funfun túmọ̀ sí pé epo kéré. Dúdú tó rin, epo pọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bíi lítà mẹ́jọ, ẹ lè dín ọ́ìlì kù sí mílílítà 25 fún lítà kan, tí ìwé ẹ́ńjìnnì yín bá gbà bẹ́ẹ̀.