Àwọn àṣìṣe tí kì í jẹ́ kí àgbàlagbà rí oògùn lò lásìkò nílé ìtọ́jú

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Ìlú Ọba, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, pàápàá ẹni tí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ oògùn lé lọ́wọ́.

Èyí tó burú jù ni kí ẹ fi àyè sílẹ̀ lófìfo lórí ìwé MAR, ìyẹn ìwé tí ẹ ti ń kọ oògùn tí ẹ fún oníkálukú sílẹ̀. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lálẹ́ kò ní mọ̀ bóyá bàbá ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ àbí kò tíì lò ó. Bó bá tún fún un, ó lè di ìlọ́po méjì. Bí kò bá sì fún un, ti ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Bí bàbá bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ kọ àmì tó dúró fún kíkọ̀, ẹ kọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì padà lọ bá a láìpẹ́. Ẹni tó panu dé nígbà tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀ lè gbà á lẹ́yìn tó bá mu tíì tán.

Ẹ má sì buwọ́ lùwé kí ẹ tó rí i pé ó gbé e mì. Ẹ gbé ife oògùn sórí tábìlì, fóònù dún, ẹ yà síbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn ni wọn yóò tó rí hóró oògùn lábẹ́ ìrọ̀rí, bẹ́ẹ̀ lórí ìwé, ó ti lò ó.

Oògùn Parkinson, àìsàn ọpọlọ tó máa ń mú kí ara gbọ̀n kó sì le, kò ṣe é fi falẹ̀ rárá. Levodopa, tó jẹ́ oògùn àìsàn náà, kì í pẹ́ lára. Bí ti aago 7 àárọ̀ bá di aago 8 ààbọ̀ torí pé ẹ ń ti kẹ̀kẹ́ láti yàrá dé yàrá, ara bàbá lè le gbagidi, kó má lè dìde, kí oúnjẹ má sì lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ dáadáa. Ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ìlera, ni pé kò gbọ́dọ̀ fi ju ìṣẹ́jú 30 lọ sí aago tí wọ́n kọ fún un. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí yàrá tirẹ̀.

“Oògùn ti tán” kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ máa wo iye tó kù kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bó bá tán lóòótọ́, ẹ pe fámásì; bí wọ́n bá ti tì í, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìrànwọ́ NHS. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ńkọ́? Ẹ fi ìwé tó mú bọ̀ wé MAR lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ẹ bá sì ti gbàgbé, ẹ má ṣe fún un ní méjì pa pọ̀. Ẹ sọ fún ọ̀gá, kí ẹ bi apòògùn tàbí dókítà léèrè ohun tó kàn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba ẹni tí físà rẹ̀ so mọ́ ibi iṣẹ́. Síbẹ̀, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ rí i sílẹ̀, kí wọ́n lè máa ṣọ́ bàbá láti ìgbà náà. Bó bá jẹ́ insulin, oògùn àtọ̀gbẹ, ni, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fiṣẹ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́.